Ọ̀rinrin Inú Ilé: Ohun tí A Gbàgbé láti Sọ fún Kọ̀ǹpútà

Atọ́kùn ètò, mo dúpẹ́ tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi odò, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi tí ojú kò rí ni, èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí olúkúlùkù yín jókòó sí.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn oníṣòwò obì ní Ṣágámù. Obì gbànja tí wọ́n ń kó lọ sí Òkè Ọya kò fẹ́ kí ara òun gbẹ, kò sì fẹ́ kí ó rin jù. Nígbà tí wọ́n bá ti bó awọ funfun ara rẹ̀, tí wọ́n sì ti fọ̀ ọ́, wọn a jẹ́ kí ó làágùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó kó o sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú. Wọn a tún fi ewé bò ó lórí. Bí ewé bá gbẹ, wọn a pààrọ̀ rẹ̀. Bí inú agbọ̀n bá rin jù, wọn a ṣí i kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò bá obì tí ó ti súnkì, tàbí èyí tí ó ti bu, tí irun funfun ti hù sí lára bí òwú, owó rẹ̀ a sì wọgbó. Ọ̀rinrin ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣọ́, kì í ṣe ooru.

Àwa tí a kàwé, ooru nìkan ni à ń ṣọ́. Ó ṣojú mi ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí a ti ra ẹ̀rọ amúlétutù ńlá sí yàrá ìkàwé. Inú yàrá náà tutù bí òwúrọ̀ ọ̀yẹ́. Nígbà tí ó di oṣù keje, a ṣí àpótí ìwé tí ó wà lẹ́bàá ògiri, a sì rí i pé ẹ̀yìn ìwé ti hu irun funfun. Olùkọ́ kan ní kí a dín òtútù kù, òmíràn ní kí a fi kún un. Àwọn méjèèjì ni kò béèrè pé omi mélòó ni ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ fojú inú wo àpótí afẹ́fẹ́ kan tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Bí ooru bá wà ní dìgírì 30, omi tí àpótí náà lè gbà kí ó tó kún kò ju bí gíráàmù 30 lọ. Ní dìgírì 24, kò lè gbà ju bí 22 lọ. Ká ní afẹ́fẹ́ òde ní ìgbà òjò gbé gíráàmù 21: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó lè gbà ní dìgírì 30 nìyẹn. Ẹ wá mú afẹ́fẹ́ yìí wọlé, kí ẹ mú un tutù dé dìgírì 24 láìfa omi kankan jáde nínú rẹ̀. Gíráàmù 21 náà ni ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti ju ìdá 70 lọ tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé àti awọ bàtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ara onílé tutù, ìwé ń jẹrà.

Nínú kíláàsì kan tí ó gùn ní mítà 8, tí ó fẹ̀ ní 6, tí ó ga ní 3, omi tí ń fò kiri láìfojúhàn tó lítà 3 ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó síbẹ̀ yóò sì fi èémí àti òógùn tú bíi lítà 2 sí i láàárín wákàtí kan.

Báwo ni ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń fa omi yìí? Ẹ ti rí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fìríìjì, bí ó ti ń làágùn. Omi ara ìgò náà kò ti inú rẹ̀ wá. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti wá. Irin tútù tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà ń ṣe bákan náà, omi a sì máa kán jáde lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ó gba àkókò. Ẹ̀rọ tí ó tóbi ju yàrá lọ a mú yàrá tutù ní ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì dákẹ́ kí omi tó ráyè kán. Bí fáànù rẹ̀ bá ṣì ń yí, èyí tí ó wà lára irin a tún padà sínú yàrá. Nítorí náà, ńlá kọ́ ni dára. Ó sì yẹ kí a rántí pé nítorí bébà ni Willis Carrier ṣe ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà: ọ̀rinrin ń mú kí bébà wú kí ó sì súnkì, àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sí i kò sì bá ara wọn mu mọ́. Ìtura ara ènìyàn, ẹ̀yìn ni ó dé.

Wàyí o, a ti ní ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi ilé tí a kò tíì kọ́ dánra wò. TRNSYS jáde láti Yunifásítì Wisconsin ní 1975; EnergyPlus, ti ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, jáde ní 2001, ọ̀fẹ́ sì ni. A ó sọ bí ògiri ti nípọn tó fún un, ibi tí fèrèsé kọjú sí, iye ènìyàn, àti ojú ọjọ́ ọdún kan gbáko. Yóò sì gba wákàtí 8,760 inú ọdún kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. (Ojú ọjọ́ Èkó tí ó wà létí ọ̀sà kì í ṣe ti Ìkẹ́nnẹ́ o.) Bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni ètò yìí rí: ohun tí a kò rán an, kò ní jẹ́ ẹ. Bí a bá ní kí ó pa yàrá mọ́ sí dìgírì 24, yóò pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì kàn kọ iye ọ̀rinrin tí ó bá jáde sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní dá a dúró. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ṣàkóso rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ààlà lélẹ̀, ká sọ pé ìdá 60, fún yàrá náà gan-an. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní òru oṣù keje, yàrá ti tutù, ṣùgbọ́n ó ṣì rin. Kí ẹ̀rọ tó lè fa omi náà, ó ní láti máa mú afẹ́fẹ́ tutù lọ; kí yàrá má bàa di yìnyín, a ní láti tún un gbóná díẹ̀ kí ó tó wọlé. Bí a kò bá fi ohun tí yóò tún un gbóná sínú ìṣirò, òtútù yóò pọ̀ jù tàbí kí ọ̀rinrin má lọ. Bí a bá sì fi í sí i, iná mànàmáná tí a ó san owó rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, owó gidi náà sì nìyẹn. Ẹ̀rọ kan wà nínú ètò náà tí mo máa ń pè ní ẹ̀rọ ojú àlá: agbára rẹ̀ kò lópin àyàfi bí a bá fún un lópin, iye tí a bá bi í ni yóò dé. Ó wúlò fún ìṣirò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí ó gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí ó wà ní ọjà.

Ògiri pẹ̀lú ń mu omi. Ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa ń mu ún ní ìgbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ọ̀yẹ́. Ògiri sìmẹ́ńtì tí a fi ọ̀dà olóròóró kùn kò fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Bí a kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà, yóò ṣírò bí ẹni pé ògiri kò mu nǹkan kan.

Èrò tèmi ni pé kíláàsì lásán kò nílò ẹ̀rọ amúlétutù ní ilẹ̀ wa, níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí òrùlé yọ síta dáadáa, gẹ́gẹ́ bí Maxwell Fry àti Jane Drew ti ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, kí a lo fáànù. Yàrá ìwé, yàrá oògùn àti yàrá àkọsílẹ̀ ni kí a ná owó sí. Ilé-ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, ti lé ní ọgọ́ta ọdún; irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ a máa ní ìwé tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú òṣùwọ̀n ooru méjì, kí ẹ fi òwú tútù we ìdí ọ̀kan. Nígbà ọ̀yẹ́, iye tí ó wà lórí méjèèjì yóò jìnnà síra. Ní oṣù keje, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ẹ gbé wọn sí ẹ̀yìn àpótí ìwé lẹ́bàá ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn kí ẹ tó kà wọ́n, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá rí wé ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Atọ́kùn, mo ti rí i pé ọ̀rẹ́ mi tí ń ta ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mi orí láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀.