Bí Ìbòmú Bá Ń Dá Egbò sí Yín Lójú



Ọdún 2020 tí àrùn kòrónà dé Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìbòmú. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lò ó ṣáájú ìgbà náà nítorí ikọ́ ife. Agbẹ̀bí tí ó bá wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ títí obìnrin fi bí, nígbà tí ó bá bọ́ ọ, igi imú rẹ̀ lè ti bó, irorẹ́ lè ti sú yí ẹnu rẹ̀ ká, kí ẹ̀yìn etí sì máa ta á.

Ohun tí ó fà á ni pé èémí wa gbóná, ó sì lómi nínú. Omi yìí pẹ̀lú òógùn a máa rẹ awọ, bí ìbòmú bá sì ti ń ha á, a bó. Aláboyún a máa tètè làágùn, nítorí náà kí ó má yà á lẹ́nu bí tirẹ̀ bá yá.

Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á. Ẹ fi fásílíìnì díẹ̀ pa á lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ìbòmú. Ìbòmú aláṣọ, ẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kí ẹ sì sá a gbẹ. Èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ máa gba ara yín sílẹ̀: kí ẹnìkan dúró ti aláìsàn, kí ẹnìkejì fọ ọwọ́, kí ó jáde sí gbangba, kí ó bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìpara tí àwọn aláboyún ń lọ rà lọ́jà nítorí irorẹ́ yìí. Mákúrì wà nínú àwọn ìpara abóra kan. Ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Oògùn irorẹ́ tí a ń gbé mì, isotretinoin, lè sọ ọmọ di alábùkù ara. Ẹ má fẹnu kàn án. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sì ń dúdú bí oyún ti ń dàgbà, ẹ má dá ìbòmú lẹ́bi. Oyún ló fà á, ó sì sábà máa ń ṣí lẹ́yìn ìbímọ.

Bí egbò bá ń ṣọyún, tàbí bí ojú bá wú, ẹ wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìpara tí ẹ ti ń lò dání, ti agolo ti agolo.