Àwọn Ayìnbọn-Àgbá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn-àgbá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá dárúkọ àgbá, irin ńlá tí ń bú ramúramù ni í kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irin kò jẹ́ nǹkan kan bí kò bá sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Láyé àtijọ́, ọba Gẹ̀ẹ́sì ní àgbá púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹgbẹ́ ayìnbọn-àgbá tí ó wà títí. Ìgbà tí ogun bá dé ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí a kó àgbá jọ, kí a wá àwọn tí yóò yìn ín, kí a sì háyà ẹṣin tí yóò fà á. Bí ogun bá ti parí, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ, ìmọ̀ tí ó kọ́ a sì bá a lọ.

Ní ọdún 1715, àwọn kan dìtẹ̀ sí Ọba George Kìíní ní ilẹ̀ Scotland. A ní kí a kó àgbá jọ, ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe tán, ọ̀tẹ̀ ti parí! Èyí kọ́ àwọn aláṣẹ lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ọdún 1716, ọba fọwọ́ sí i pé kí a dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ ní Woolwich, létí odò Thames, 100 ọkùnrin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àgbá nìkan ni tiwọn, ìbáà ṣe ìgbà ogun, ìbáà ṣe ìgbà àlàáfíà. Ní 1722 wọ́n di rẹ́jímẹ́ǹtì, Albert Borgard, ọmọ ilẹ̀ Denmark, sì ni ọ̀gá wọn àkọ́kọ́. Ní 1741 a dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Woolwich kan náà fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di ọ̀gá. Ìṣirò wà lára ẹ̀kọ́ wọn, nítorí ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè mọ ibi tí ọta òun yóò bọ́ sí.

Síbẹ̀, nǹkan kan kù. Alágbàṣe ni àwọn tí ń da ẹṣin, wọn kì í ṣe ọmọ-ogun. Bí ọta bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọn a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àgbá a sì jókòó sójú ogun bí òkúta. Ní 1794 ni a tó dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹṣin náà.

Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn ayìnbọn-àgbá a máa yìn sí ibi tí ojú wọn kò tó. Ẹnìkan a wà níwájú, a máa wo ibi tí ọta bọ́ sí, a sì fi tẹlifóònù sọ fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn bóyá ó kọjá tàbí kò dé ibẹ̀. Wọn a tún ìṣirò ṣe, wọn a sì tún un yìn. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ṣe àṣìṣe, ọta lè bọ́ lu àwọn ará wọn.

Àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì mìíràn ní àsíá tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àgbá wọn gan-an ni àsíá wọn. Ìtìjú ńlá ni kí ọ̀tá gbà á.

Àwọn àgbà ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kì í ṣe ti ológun nìkan. Ìlú tí ó ń dúró de ọjọ́ ìpọ́njú kí ó tó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, ó ti pẹ́ jù.