Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Máàpù Tí Ń Bá Wa Ṣọ́ Igbó
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé wa ní Ìkòtún)

N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, mo ti ń gbóòórùn jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ẹ rántí òrùlé ilé tí ẹ kọ́ sí Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndo. Pákó tó wà lábẹ́ páànù yẹn, inú igbó ló ti wá. Ògùn, Oǹdó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ni lọ́rì ti ń kó o wá fún wa l'Ékòó. Ta wá ni ń ṣọ́ igbó náà?

Ẹ jẹ́ ká mú igbó ọba Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,500 hẹ́kítà. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ mélòó ló lè fi ọ̀kadà yí i ká? Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbójú sókè. Sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ayé láti 1972. Láti 2014, ẹnikẹ́ni lè wo ibi tí igi ti ń dín kù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń pè ní Global Forest Watch.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Máàpù gbogbo ayé dà bí aṣọ tí a rà ní bọ́síkọ́nà: ó lè bo ara, kó má ṣe rẹ́gí.

Èmi fúnra mi ti ṣi í lò rí. Mo rí àmì pupa lára igbó kan lórí máàpù, mo sì ti kọ àkọlé ìròyìn sílẹ̀ pé olè ti gé igbó tán. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wò ó ná. Nígbà tí mo débẹ̀, igi gmelina ni, àwọn tó gbìn ín ló gé e. Bàbá àgbẹ̀ kan ní, “Ọmọ mi, ẹni tó wa iṣu ara rẹ̀ lo fẹ́ pè lólè?” Ojú tì mí.

Ẹ̀rọ kò mọ igi oko yàtọ̀ sí igi igbó. Èyí tó bá ti ga ju mítà 5 lọ, igi ni lójú rẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń rán máàpù tiwa bí ìgbà tí téló bá wọn ara ẹni. A ó fi QGIS fa ààlà igbó, oko gmelina, abúlé àti odò. A ó fi Leaflet gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí kùrukùru òjò bá bo ojú sátẹ́láìtì, a ó fi ti rédà kún un, irú Sentinel-1 tí àwọn ará Yúróòpù gbé lọ sókè ní 2014, nítorí rédà ń ríran kọjá ìkùukùu. Bí pupa bá bọ́ sí oko gmelina, a ó fọkàn balẹ̀. Bó bá bọ́ síbi tí erin ń gbé, ká tètè pe ẹ̀ṣọ́.

Ẹ má sì gbé ibi tí erin sùn síta fún gbogbo ayé o. Ọdẹ náà ní fóònù.

Sọ̀fíyọ̀ wà láàárín wa, onípákó wà, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wà. Ẹ̀yin tí ìlú yín wà lẹ́bàá igbó, ẹ bá wa kó orúkọ odò àti ààlà oko jọ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí wọ́n tó lọ. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n máàpù kò lè gun ọ̀kadà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ débẹ̀.