Kì í Ṣe Iyọ̀, Oòrùn Ni
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní Àpòmù)



Yorùbá gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ àwọn àfín. Nítorí náà ni a ṣe ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Síbẹ̀, bí àmì dúdú bá yọ sí àfín lójú, tí ètè rẹ̀ sì bó, a ó ní, “Ó jẹ iyọ̀ ni.” A kì í jẹ́ kí ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ṣùgbọ́n a ń rán an lọ sínú oòrùn tí ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́ gan-an.

Ohun tí ó mú awọ wa dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, ni agboòrùn tí Ẹlẹ́dàá ṣí bò wá. Ti àfín kò tó nǹkan. Ètè ìsàlẹ̀ ni ó sì yọ síta jù, tí ó ń gba ìtànṣán lójúkojú. Bí àfín bá ń roko lójoojúmọ́, tàbí tí ó ń pàtẹ sí gbangba ní ọjà Àpòmù yìí, ètè náà yóò kọ́kọ́ gbẹ, yóò máa bó, yóò sì funfun lójú kan. Nígbẹ̀yìn, egbò tí kò jiná lè di jẹjẹrẹ. Ní 1975, Dókítà A. N. Okoro tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn àfín Nàìjíríà jáde: nínú àwọn tí ó yẹ̀ wò, kò rí ẹnì kan tí ó ti lé ní ọdún 20 tí oòrùn kò tíì ba awọ rẹ̀ jẹ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí àfín dé àkẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó láti ṣíji bo ètè. Kí ó ṣe iṣẹ́ oko ní kùtùkùtù, tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Òrí ń mú ètè rọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó láti dá ìtànṣán dúró. Ìpara tí a ṣe nítorí oòrùn ni kí a wá. Egbò ètè tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láìjiná, kí a gbé e dé ilé ìwòsàn.

Àwa olùkọ́ náà, kí a má ṣe rán ọmọ àfín lọ gé koríko ní ọ̀sán gangan. Ojú rẹ̀ kì í sábà ríran jìnnà. Kí a fi í jókòó níwájú, kí ó lè kàwé dé ibi tí yóò ti rí iṣẹ́ abẹ́ òrùlé ṣe.

Láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 13 Oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Ó dára; ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni oòrùn ń ràn. Bí a bá ń pe ènìyàn ní ẹni òrìṣà, tí a sì fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, ọlá wo ni a bù fún ẹni tí ó dá a?