Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́bàá Ríìngì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu: bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn fa àwọn ọ̀dọ́ tí ìyà ń jẹ yọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ jàǹdùkú. Mo mọ ohun tí ìyá kan tó ń gbọ́ mi yóò máa sọ. Ọmọ tó ti ń jà kiri àdúgbò, ṣé ẹ tún fẹ́ kọ́ ọ ní ìjà sí i ni? Ìbéèrè gidi ni, màá sì padà sórí rẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ pàápàá ti béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Bràsíl. Àdúgbò ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maré, lẹ́bàá ọ̀nà Avenida Brasil. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 120,000, ilé sún mọ́ ilé, ọ̀nà há. Àwọn ẹgbẹ́ oníbọn tó ń ta oògùn olóró ti pín ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, débi pé ọmọ tó ń gbé ní apá kan lè má lè sọdá títì kan ṣoṣo láti lọ kí ẹbí rẹ̀ lápá kejì. Ọmọdé ni àwọn ẹgbẹ́ yìí ń kó síṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí ó máa ṣọ́nà bóyá ọlọ́pàá ń bọ̀, wọ́n á tún ní kí ó máa gbé ẹrù, nígbà tó bá yá, wọ́n á fa ìbọn lé e lọ́wọ́.

Lọ́dún 2000, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Luke Dowdney, tí òun fúnra rẹ̀ ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, dá ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Maré. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Luta pela Paz, ìyẹn Ìjà fún Àlàáfíà. Nígbà tó di 2007, wọ́n ṣí irú rẹ̀ sí North Woolwich, ní ìlà oòrùn London. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò fi mọ sórí ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ tó bá wá kan ẹ̀ṣẹ́ yóò tún bá ìwé níbẹ̀, yóò bá àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́, yóò bá ẹni tó lè tọ ìdílé rẹ̀ lọ bí nǹkan bá dojú rú. Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń dá sí bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé bọ́ọ̀lù kò tó ni? Bọ́ọ̀lù dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo ẹgbẹ́ jàǹdùkú pẹ̀lú ojú ìfẹ́, iyì ló ń wá. Ó fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù òun, kí ẹnikẹ́ni má lè gbá òun létí gbé. Ẹ̀ṣẹ́ ló fà á mọ́ra. Robson Conceição, ọmọ Salvador ní Bahia, tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, torí kí ó lè borí nínú ìjà ìgboro ló ṣe kọ́kọ́ fẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ́. Ohun tó gbé ọmọ wọlé kọ́ ni ìṣòro. Ohun tó bá nínú ilé ló ṣe pàtàkì.

Kí ló ń bá nínú ilé? Yóò bá aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ìjà, ìṣẹ́jú kan ìsinmi, bí ó wù ú bí kò wù ú. Yóò rí i pé akànṣẹ́ tí inú bá ti bí, èémí rẹ̀ yóò tán kí aago tó dún, ẹni tí kò bínú yóò sì nà án. Wọn yóò gbé e lé òṣùwọ̀n ṣáájú ìdíje. Ọmọ tó mu igbó àti ọtí mọ́jú lè purọ́ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ fún okùn tó ń fò láàárọ̀. Loïc Wacquant, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Faransé, wọ jíìmù kan ní gúúsù Chicago lọ́dún 1988, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kan ẹ̀ṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé jíìmù náà, lábẹ́ àgbà olùkọ́ kan tó ń jẹ́ DeeDee Armour, ní òfin àti ètò tí ìgboro tó yí i ká kò ní.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè ìyá yẹn. Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí méjì ní Norway, Inger Endresen àti Dan Olweus, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ọmọkùnrin tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, tó ń jàkadì, tó ń gbé irin. Wọ́n rí i pé ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ náà pọ̀ sí i níta. Ẹ má jẹ́ ká fi èyí pamọ́. Ẹ̀ṣẹ́ lásán, láìsí ìtọ́ni, lè mú kí ọmọ burú ju bó ṣe wà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbọ̀wọ́ kọ́ ló ń gba ọmọ là, bí kò ṣe àgbàlagbà tó dúró lẹ́bàá ríìngì.

Ẹ wo akànṣẹ́ Anthony Joshua, ọmọ tiwa, tí ẹbí rẹ̀ ti Ṣàgámù wá. Ọdún 2007 ni ìbátan rẹ̀ mú un lọ sí jíìmù ní Finchley, ní London. Síbẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé ní Reading lọ́dún 2009, ọlọ́pàá sì tún ká igbó mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 2011. Ilé ẹjọ́ ní kí ó fi wákàtí 100 sin ìlú láìgba kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ akànṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá a dúró. Wọn kò lé e dànù. Wọ́n gbà á padà, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì ní 2012. Ká ní wọ́n ti pa á tì lẹ́yìn àṣìṣe kejì ńkọ́?

Nílé níbí, ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe àjèjì. Nojeem Maiyegun, ọmọ Èkó, ló gba mẹ́dàlì Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, ní Tokyo lọ́dún 1964, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi gbà á. Títí dòní, àwọn ọ̀dọ́ Mushin àti Ajégúnlẹ̀ ń kan ẹ̀ṣẹ́. Èyí tó kù ni ìwé, iṣẹ́ ọwọ́, àti àgbà tó ń bójú tó wọn, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ń pa ọpọlọ lára. Ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ máa gba ẹ̀ṣẹ́ sórí. Kí ó gbá àpò, kí ó fo okùn, kí ó mọ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìyẹn tó o.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fún wọn ní gbọ̀ngàn tó ní iná, kí ẹ sì san owó oṣù olùkọ́. Ẹ̀yin akànṣẹ́ àtijọ́, ẹ má jókòó sílé, àwọn ọmọ nílò yín. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ wọ jíìmù, ẹ bá a lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bi kóòṣì ibẹ̀ pé ta ló máa ń béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe nílé ìwé, ta ló ń wá a lọ sílé bí kò bá yọjú. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ mú ọmọ yín lọ sí ibòmíràn.