Ẹ̀rín àti Ẹ̀rù Níwájú Fíìmù Àjẹ́
Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkirè

   

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Nígbà tí fíìmù bá fi àjẹ́ hàn wá, ṣé kí a rẹ́rìn-ín ni, àbí kí a bẹ̀rù?

Ní ọdún 1979, Hubert Ògúnńdé sọ eré rẹ̀, Ayé, di fíìmù. Ọlá Balógun ni olùdarí. Òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà, gbé Ọ̀run Móoru jáde: gbájú-ẹ̀ lu ọkùnrin kan ní jìbìtì, ó bẹ́ sódò láti kú, ó dé ọ̀run, wọ́n ní kí ó padà, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ògúnńdé fi ọ̀ràn awo dẹ́rù bani. Bàbá Sàlá fi ikú pa wá lẹ́rìn-ín.

Láìpẹ́ yìí, mo fi Ayé han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkirè níhìn-ín, mo sì fi han àwọn àgbà kan ní Àpòmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, nítorí wọ́n rí ibi tí wọ́n ti dá kámẹ́rà dúró kí òṣèré lè pòórá. Ní Àpòmù, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀rín náà fún wọn, bàbá kan ní àfojúdi ni. Ìyá àgbà kan tí ó ń dá gbé dáhùn pé ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn kò dun òun. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín ni òun ń bẹ̀rù, nítorí àwọn ni wọ́n ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí òun bá ń kọjá.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ wá létí. Èrò ìwòran Yorùbá kì í wo eré lásán, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fà yọ nínú rẹ̀. Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré, ti kọ̀wé lórí èyí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú lọ ilé ni pé arúgbó obìnrin ni ọ̀tá ńkọ́?

Ẹ wo orúkọ tí Ògúnńdé mú. Ẹ̀yin awo mọ̀ pé nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin yọ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn wọn, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dàrú. Olódùmarè ni ó bi wọ́n pé obìnrin tí ó wà láàárín wọn dà. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì bí Ọ̀ṣẹ́túrá. Ọmọ ẹ̀bẹ̀ ni. Fíìmù ni ó sọ ọ́ di jagunjagun. Àwọn baba wa ń pè wọ́n ní ìyá wa, ní ẹlẹ́yẹ, ní àgbà. Fíìmù fi àjẹ́ nìkan sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí fídíò sì dé, babaláwo fúnra rẹ̀ di ẹni tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé.

Ẹ̀rín kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀sìn wa. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ a kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà a fi oníwà ìbàjẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ̀rín wà lára ohun tí a fi ń tu àwọn ìyá lójú.

Nítorí náà, ẹ má pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́. Níbikíbi tí a bá ti fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn, kí awo kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sọ ìtàn Ọ̀ṣẹ́túrá bí Ifá ti sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ ní àdúgbò wa, àwa oníṣẹ̀ṣe ni kí a kọ́kọ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyá náà. Ìpínlẹ̀ tí à ń gbé, orúkọ Ọ̀ṣun ni ó ń jẹ́.