Ọ̀fẹ́ Tó Ní Àdéhùn: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ó ṣọ̀wọ́n kí sọ́fítíwíà tó wà lọ́jà lónìí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń tà á nìkan. Láíbìrì tí ẹlòmíràn kọ, tó sì gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́, sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gboyè jáde lónìí ti fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kò sì sí olùkọ́ tó bi wọ́n léèrè. Lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè yóò wà, torí pé ẹni tó kọ láíbìrì ṣì ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Láísẹ́ǹsì nìkan ló fún ẹlòmíràn láyè.

Láísẹ́ǹsì MIT kò le rárá: kí gbólóhùn ẹ̀tọ́ àdàkọ àti láísẹ́ǹsì náà ṣáà bá ọjà lọ. Kò ju fáìlì kan lọ, òun gan-an ni wọ́n sì ń gbàgbé. Apache 2.0 ní kí ẹni tó bá tún fáìlì ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tún un ṣe.

GPL ni kì í gbà kí wọ́n fi òun ṣeré. Ẹni tó bá ta sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ mọ́ láíbìrì GPL gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí kóòdù gbogbo rẹ̀ gbà, lábẹ́ láísẹ́ǹsì kan náà. LGPL rọ̀ díẹ̀: kóòdù ilé iṣẹ́ lè wà ní ìpamọ́, bí oníbàárà bá ṣáà lè pààrọ̀ láíbìrì náà. Bí sọ́fítíwíà kò bá kúrò lórí sáfà ilé iṣẹ́, GPL kò béèrè nǹkan kan; AGPL ń béèrè, bí wọ́n bá ti tún un ṣe.

Ní 2003, ọdún tí Cisco ra Linksys, àwọn tó mọ Linux, tó wà lábẹ́ GPL, rí i nínú ráwútà Linksys WRT54G, láìsí kóòdù fún ẹni tó rà á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ṣípù fún Linksys ni kóòdù náà ti wá, ṣùgbọ́n olórúkọ ara páálí ni wọ́n dojú kọ. Kóòdù jáde nígbẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni OpenWrt, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún ráwútà, ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọjà Linksys mìíràn ṣì di ẹjọ́ ní 2008, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2009, tí Cisco gbà láti yan ẹni tí yóò máa bójú tó láísẹ́ǹsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láíbìrì kan ṣe ń kó òmíràn wọlé, tí ẹni tó gbà á sílẹ̀ kò mọ̀. Àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo wọn àti láísẹ́ǹsì wọn dára kí ọjà tó jáde. Èyí tí kò ní láísẹ́ǹsì kankan kì í ṣe ti gbogbo ayé: ẹni tó fẹ́ fi í ṣòwò ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.